Bí A Ṣe Fọ Ẹnu Ajá De Àlejò Ìbàdàn

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ra ọṣẹ lọ́wọ́ mi rí ní ọjà Aramọ̀kọ á ti gbọ́ ìtàn yìí, nítorí n kì í jẹ́ kí ènìyàn gba ṣéńjì rẹ̀ kí n tó sọ ọ́ tán. Mo wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn tí kò ra ọṣẹ náà lè gbọ́. Ìwé mẹ́ta ni mo kà, n kò sì ka ẹ̀kẹta tán. Bí ẹ bá débi tí ọ̀rọ̀ wọ́ bí ẹsẹ̀ adìẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fò ó kọjá.

Àbúrò mi obìnrin ló kàwé nínú wa. Apá Ọ̀ṣun ni àwọn òbí wa ti wá, Aramọ̀kọ ni wọ́n ti tọ́ wa. Nígbà tí bàbá wa kú, èmi jókòó ti igbá ọṣẹ, àbúrò mi jókòó ti ìwé, kò sì sí èyí tó dìde nínú wa títí di òní. Ọṣẹ, àbẹ́là, ìṣáná, kánún àti orín ni mo ń tà. Orín ata tí mo ń tà, bí ènìyàn bá run ún, ètè rẹ̀ á kú bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Àwọn oníbàárà mi máa ń sọ pé ẹnu èmi gan-an ta jù ú lọ. N kò bá wọn jiyàn.

Ní àkókò tí mo ń sọ yìí, abẹ́ Ondo State la wà, Àkúrẹ́ la ti ń retí ohun gbogbo, a kì í sì í rí i gbà. Àbúrò mi wà ní yunifásítì ní Ìbàdàn, ó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ẹran. Ó ti gba oyè àkọ́kọ́, ó ń lé èkejì. Bí àwọn ará ọjà bá bi mí pé irú ẹran wo ló ń tọ́jú, màlúù ni mo máa ń sọ, nítorí màlúù níyì. Àfi ọjọ́ tí ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ níwájú ìsọ̀ mi, tí ó kúnlẹ̀ kí mi, tí ó sì ní:

"Àǹtí mi, iṣẹ́ ajá ni mo bá wá o."

"Ajá ta ni ara rẹ̀ kò yá?"

"Ara gbogbo wọn yá. Ẹnu wọn ni mo fẹ́ wò."

Ìyá Ẹlẹ́pa ni ìsọ̀ rẹ̀ kan tèmi. Obìnrin yìí lè gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní Ìjerò láti ibi tó jókòó sí. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀pà.

"Ẹnu ajá? Ọmọ tí o fi ọṣẹ rán níwèé láti ìgbà yìí wá, ẹnu ajá ló wá lọ kà?"

"Ó sàn ju ẹnu tìrẹ lọ," ni mo wí. "Ajá kì í ṣòfófó."

Ẹnu ni mo fi dá a lóhùn o. Ojú tì mí nínú. Mo yára pa ìsọ̀ mi dé, mo mú àbúrò mi relé. Bí a ti jókòó ti iyán ni mo bi í pé, "Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé wọ́n lé ọ kúrò níbi màlúù ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá ṣàlàyé. Àgbẹ̀ kan ló wá sí ilé ìwòsàn, tí ajá rẹ̀ gé jẹ lọ́wọ́. Kì í ṣe dìgbòlugi, ara ajá náà le koko. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ojú ọgbẹ́ ti dúdú, ibà ti gbé àgbẹ̀ dè, díẹ̀ ló kù kí wọ́n gé apá rẹ̀. Wọ́n gba nǹkan lójú ọgbẹ́ náà, wọ́n fi sábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, wọ́n sì rí kòkòrò àìfojúrí kan níbẹ̀. Wọ́n ṣí ìwé, kòkòrò yìí kò sí nínú ìwé. Wọ́n ṣí òmíràn, kò sí níbẹ̀ náà.

"Àǹtí mi, ajá òyìnbó ni wọ́n wò tí wọ́n fi kọ àwọn ìwé yẹn. Ajá tó ń jẹun inú agolo, tó ń sùn lórí àga. Ta ló ti wo ẹnu ajá tiwa?"

"Kí ni ọ̀gá rẹ wí?"

Ojú rẹ̀ yí padà. Ọ̀gá tó ń kọ́ ọ ti sọ fún un pé ajá ni ajá ń jẹ́, pé ohun tó wà lẹ́nu ti Lọ́ńdọ̀nù náà ló wà lẹ́nu ti Aramọ̀kọ. Ó ní kòkòrò ọgbẹ́ yẹn lè ti inú ilẹ̀ oko wá. Ó fún un di ìgbà tí wọ́n bá máa gba ìsinmi. Bí kò bá tíì fi kòkòrò kan ṣoṣo tí kò sí nínú ìwé hàn án láti ẹnu ajá, kí ó pa iṣẹ́ náà tì, kí ó lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń ka aràn nínú ìgbẹ́ màlúù.

"Ọdún méjì tí mo ti ṣe á ṣègbé nìyẹn," ni ó wí. "Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni màá tún ti bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ gbà mí."

Ẹ wò ó, èmi tí mo ti ń fi màlúù yangàn, bí mo ti gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe sí màlúù yẹn, ajá wù mí lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Irú ajá wo lo fẹ́?"

Ajá ọdẹ ni. Èyí tó ń jẹ ìfun ẹran ìgbẹ́, tó ń lá omi inú ihò òkúta lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fún ní oògùn òyìnbó rí. Ó ní òun á padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ilé ìwé. Kí n ṣáà bá òun sọ fún àwọn ènìyàn kí wọ́n mú ajá wọn wá.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Kí wọ́n mú ajá wọn wá." Bí mo bá ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìtàn ì bá ti parí síbí. Ṣùgbọ́n èmi kì í gba ọ̀rọ̀ kékeré kí n fi kékeré jíṣẹ́. Mo rin Aramọ̀kọ já, mo dé Ìlọ́gbò, mo sọ fún àwọn ará Erio tó wá ná ọjà. Mo ní, "Dókítà ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ẹnu ajá ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò. Ẹ má dójú tì mí o!"

Ẹni tí kò bá ti gbé lọ́dọ̀ wa kò lè mọ ohun tí mo ti dá sílẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá ní ènìyàn ń bọ̀ wá yẹ nǹkan wò, a ó fọ nǹkan náà. Bí wolé-wolé bá ń bọ̀ wá wo ìkòkò omi, ìkòkò á dán bí iwájú orí ẹni tó pá. Bí bíṣọ́ọ̀bù bá ń bọ̀, wọ́n á fọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á fọ ojú ọ̀nà, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ ewúrẹ́. Wàyí o, ẹnu ajá ni wọ́n ń bọ̀ wá wò.

Èmi ni mo kọ́kọ́ fọ tèmi. Mo se gbòǹgbò orín ata títí omi rẹ̀ fi pọ́n, mo da iyọ̀ sí i, mo wé kàn-ìn-kàn-ìn mọ́ ìka, mo sì fi ajá mi sáàárín orúnkún. Ó wò mí bí ẹni tí a ṣẹ̀ tí kò mọ ẹni tí yóò fẹjọ́ sùn. Bí mo ti parí, eyín rẹ̀ funfun ju eyín Ìyá Ẹlẹ́pa lọ. Mo sì fà á lọ sọ́jà kí obìnrin náà lè rí i fúnra rẹ̀.

Ohun tó tan iná ràn án nìyẹn. Kí ọjọ́ kejì tó ṣú, orín ata ti tán nínú ìsọ̀ mi, mo ránṣẹ́ gba òmíràn. Ìlọ́gbò gbọ́ pé Aramọ̀kọ ń fi iyọ̀ sí i, àwọn fi álọ́ọ̀mù kún tiwọn. Erio gbọ́ ti Ìlọ́gbò, wọ́n se omi náà kó ki bí àgbo. Alàgbà ìjọ kan ní òun kò ní fi igi fọ ẹnu ajá ilé òun bí ajá kèfèrí. Ó gbé ọṣẹ ìfọyín tí òun fúnra rẹ̀ ń lò, ó fún un sẹ́nu ajá. Ajá já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sáré gba àárín ìlú kọjá pẹ̀lú ìfófòó lẹ́nu. Wọ́n ké "Dìgbòlugi!" Gbogbo ìlẹ̀kùn pa dé, àwọn géńdé gbé kùmọ̀. Alàgbà ń sáré tẹ̀ lé wọn, ó ń ké pé, "Ẹ má pa á! Ẹnu ló fọ̀!"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti ṣiṣẹ́ fún àbúrò mi.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ọkọ̀ Pijó ilé ìwé dé láti ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n. Iwájú ilé olórí ọdẹ la pé jọ sí. Àgbàlagbà ni olórí ọdẹ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá tíì sọ pé ó yá, kò sí ọdẹ tí yóò tú ìjánu ajá rẹ̀. Àbúrò mi wọ aṣọ funfun, ó fi rọ́bà bọ ọwọ́. Igi tín-ínrín tí wọ́n fi òwú wé lórí ni ó fi ń nu ìdí eyín ajá, lẹ́yìn náà á fi òwú náà fa ìlà sínú àwo pẹlẹbẹ kan. Nínú àwo náà ni oúnjẹ tí wọ́n sè fún àwọn kòkòrò wà: ó dì bí ẹ̀kọ tútù, ó sì pupa, nítorí ẹ̀jẹ̀ àgùntàn ni wọ́n pò mọ́ ọn. Nígbà tó to àwo tán sínú ìgò ńlá kan, ó ní kí n fún òun ní àbẹ́là. Ó tàn án, ó gbé e sínú ìgò pẹ̀lú wọn, ó sì dé e pa.

Ìyá Ẹlẹ́pa kò lè mú un mọ́ra. "Ẹ̀kọ ẹlẹ́jẹ̀, àti àbẹ́là! Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ètùtù ta ni ẹ ń ṣe?"

"Màmá, ẹ farabalẹ̀," ni àbúrò mi wí. "Àwọn kòkòrò tí mo ń wá kò fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀. Àbẹ́là á jẹ lára afẹ́fẹ́ inú ìgò, á wá kú fúnra rẹ̀. Ohun tó bá kù, òun ló bá wọn lára mu."

Olórí ọdẹ mi orí. "Inú ihò ni wọ́n ń gbé," ni ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Inú ihò gan-an, nídìí eyín."

Àbúrò mi gbóòórùn orín lẹ́nu àwọn ajá, mo rí i bó ti ń fa imú. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé oògùn ọdẹ ni òun rò pé ó jẹ́, ta ni yóò sì bi ọdẹ léèrè oògùn rẹ̀ níwájú ilé rẹ̀? Ohun tó sọ lọ́jọ́ náà ni pé, "Àǹtí mi, ajá ìlú wa mọ́ o." Mo fẹ̀ bí àkàrà inú epo.

Ọjọ́ kẹsàn-án ló padà wá. Kò sí Pijó, ọkọ̀ èrò ló wọ̀. Kò kí Ìyá Ẹlẹ́pa. Ó jókòó sórí páálí ọṣẹ mi, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Kò sí nǹkankan," ni ó wí.

"Níbo ni kò sí nǹkankan?"

"Nínú àwo. Èyí tó hù kò ju bíńtín lọ, kò sì sí èyí tí kò sí nínú ìwé. Àwo òmíràn mọ́ bí ìgbà tí mo gbé e jáde. Ọ̀gá mi wò wọ́n, ó ní kí n máa bọ̀ níbi aràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ìsinmi bẹ̀rẹ̀, ó ní kí n má wulẹ̀ dá ara mi láàmú." Ó tún wo ọwọ́ rẹ̀. "Ó ní láti jẹ́ ọwọ́ mi ni kò dára. Ajá tó ń jẹ òkú ẹran, kí ẹnu rẹ̀ má ní kòkòrò? Èmi ni n kò mọ iṣẹ́."

Bí ó ti ń wí bẹ́ẹ̀ ni obìnrin ará Ìlọ́gbò kan dúró níwájú ìsọ̀. "Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ẹ fún mi ní orín ata ajá. Ẹnu tiwa ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í rùn."

Àbúrò mi gbé orí sókè. "Orín ata kí ni?"

"Èyí tí a fi fọ ẹnu ajá de dókítà." Obìnrin náà wò ó dáadáa. "Háà, ẹ̀yin kọ́ ni dókítà náà? Ẹ rí i bó ti funfun, àbí?"

 Àbúrò mi yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀.

"Àǹtí mi. Ta ló ní kí wọ́n fọ̀ ọ́?"

Mo lè purọ́. Mo ti fi irọ́ ta ọṣẹ rí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tí ó ń wò yẹn ló ń dùn mí. Mo ní, "Èmi ni."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn. Ìlọ́gbò fi álọ́ọ̀mù kún un."

Ó fi ọwọ́ bo ojú. "Àǹtí mi, kí ló dé tí orín ata fi dára fún eyín ènìyàn? Nítorí pé ó ń pa kòkòrò ni! Àwọn tí mo wá wá gan-an ni ẹ pa! Ẹ pa wọ́n, ẹ wá fi iyọ̀ sí òkú wọn!"

Mo rò pé ẹkún ló ń sun, nítorí èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, ẹ̀rín àti ẹkún ló jọ ń jáde.  

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo kó orín ata kúrò lórí igbá. Gbogbo rẹ̀. Mo tì í sílé. Ẹni tó bá wá rà á, mo ní kí ó fi ìka fọ eyín rẹ̀ di ọjà tó ń bọ̀. Ìyá Ẹlẹ́pa pariwo pé, "Ẹ wá wo ọlọ́jà tó ń lé oníbàárà!" Mo ní kí ó máa pariwo lọ, kí wọ́n lè gbọ́ dé Erio pé orín ti tán. Àbúrò mi ní bí a bá lè fi ẹnu àwọn ajá sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ, kí wọ́n máa jẹ ìjẹkújẹ wọn bó ti yẹ, ó ṣeé ṣe kí àwọn kòkòrò tó sá pamọ́ tún pọ̀ sí i. Ọjọ́ mẹ́jọ, nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí èyí bá tún kùnà, ìgbẹ́ màlúù ló kù.

Ṣùgbọ́n ṣé àwọn ènìyàn máa gbà? Nígbà tí mo ní kí wọ́n tún mú ajá wá láìfọ ẹnu, wọ́n bínú. Ẹni kan ní a fẹ́ lọ fi èérí àwọn hàn ní Ìbàdàn. Ẹlòmíràn ní bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn, wọ́n á rí ìdọ̀tí, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà wolé-wolé á dé pẹ̀lú ìwé ìtanràn. Àwọn ọdẹ ní ohun tí olórí àwọn bá wí làwọn máa ṣe. Èmi àti àbúrò mi bá kọrí sílé olórí ọdẹ.

Ó ń pọ́n irin kan níwájú ilé. Mo kúnlẹ̀. Àbúrò mi kúnlẹ̀.

"Ìyá Ọlọ́ṣẹ," ni ó wí, "ẹ ní ká fọ̀ ọ́, a fọ̀ ọ́. Ajá gé ọmọ mi jẹ níbi tó ti ń fọ̀ ọ́. Ẹ tún ní ká má fọ̀ ọ́. Ṣé orí yín pé?"

"Orí mi kò pé lọ́jọ́ yẹn, Bàbá. Ó ti pé báyìí. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Bí ẹ bá ń lépa ẹran, kí lẹ ń wò?"

"Ipasẹ̀ rẹ̀."

"Bí ẹ bá jí láàárọ̀, tí ìyàwó yín ti gbá gbogbo ọ̀nà igbó mọ́ tónítóní nítorí yín, ńkọ́?"

Bàbá gbé irin sílẹ̀. Ó wò mí, ó wo àbúrò mi nínú aṣọ rẹ̀ tó ti kún fún eruku. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn rẹ̀, ó gòkè wá, ó mì í títí ó fi di ògiri mú.

"Ọdẹ ni ọmọ yìí," ni ó wí. "A wá gbá ipasẹ̀ ẹran rẹ̀ mọ́! Háà! A tún fi iyọ̀ gbá a!" Ó nu ojú. Lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí àbúrò mi, bí ẹni tó ń bá akẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ajá kan wà tí n kò mú wá nígbà yẹn. Abo ni, ó ti darúgbó, ẹnu rẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá ohun tí orín lè ṣe. Mo fi í pamọ́ sẹ́yìn ilé nítorí ìtìjú."

Ẹ ò bá rí ojú àbúrò mi. Bí wọ́n bá sọ fún ọmọbìnrin mìíràn pé ọkọ olówó wà lẹ́yìnkùlé, ojú rẹ̀ kò lè dán tó bẹ́ẹ̀.

"Kò fọ ẹnu rí, Bàbá?"

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i."

"Ẹ ṣeun," ni ó wí. "Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ má jẹ́ kí àǹtí mi sún mọ́ ọn."

Lọ́jọ́ kẹjọ ọkọ̀ tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, bí àwọn ajá ti péjọ, dírébà kó ara rẹ̀ lọ sínú ọkọ̀, ó fa gíláàsì sókè. Alàgbà mú tirẹ̀ wá, ó ń bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ olúkúlùkù pé kí wọ́n má rò pé bó ti ń rùn nílé òun nìyí. Àbúrò mi ń ṣí ẹnu ajá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀. Abo ajá ló kẹ́yìn. Eyín mélòó kan ló kù lẹ́nu rẹ̀, ìdí wọn sì ti dúdú. Olórí ọdẹ fúnra rẹ̀ ló fi orí rẹ̀ lé orúnkún, ó ń bá a sọ̀rọ̀ létí, ajá náà sì dákẹ́ títí wọ́n fi nu gbogbo ìdí eyín tán. Mo tan àbẹ́là, mo fà á lé àbúrò mi lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n jẹ́ kí n ṣe kò ju ìyẹn lọ.

N kò sí ní Ìbàdàn nígbà tí wọ́n ṣí ìgò, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè bá yín rí i. Gbogbo àwo ló hù. Púpọ̀ jẹ́ èyí tí ìwé mọ̀. Ti ajá mi náà, tí mo ti rò pé yóò gbé ohun àrà jáde, kòkòrò tí gbogbo ayé mọ̀ ló kún ẹnu rẹ̀. N kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n nínú àwo abo ajá, ohun kan hù bí ìrì, ó tàn kálẹ̀ létí àwo bí epo tí ń yọ́ lórí omi. Àbúrò mi yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ó fún un ní ṣúgà oríṣiríṣi kó lè mọ èyí tó ń jẹ àti èyí tó ń kọ̀, bí ẹni ń ṣe ìtọ́jú aláboyún. Ó gbé èyí tí wọ́n ti fi pamọ́ láti ojú ọgbẹ́ àgbẹ̀ jáde, ó fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ohun tí èyí jẹ nìyẹn jẹ, ohun tí èyí kọ̀ nìyẹn kọ̀. Ó gbé gbogbo rẹ̀ lọ bá ọ̀gá rẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìsinmi.

Ọ̀gá wò ó fún odidi òwúrọ̀. Ó lọ jẹun, ó padà wá, ó tún wò ó. Ó wá ní, "Àwọn ìwé mi nìyí. Wá a fún mi níbẹ̀." Àbúrò mi ní, "Mo ti wá a, sà. Kò sí." Ọ̀gá kò mẹ́nu kan aràn mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ lẹ́tà tí wọ́n fi kó kòkòrò náà ránṣẹ́ sí àwọn òyìnbó tó ń tọ́jú gbogbo irú rẹ̀ lágbàáyé, kí wọ́n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò dé egungun, bí ó bá ní egungun.

Ọyẹ́ mú, ọyẹ́ lọ, òjò bẹ̀rẹ̀ kí èsì tó dé. Ọjọ́ ọjà ni àbúrò mi mú un wá. Láti ọ̀ọ́kán ni mo ti rí i, kò rìn bí ẹni tó ń lọ ka aràn.

"Àǹtí mi, wọn kò ní in! Wọn kò rí irú rẹ̀ rí! Tuntun ni!"

Mo figbe ta. Mo ju ọṣẹ sókè, n kò sì bìkítà ibi tó balẹ̀ sí. Mo sọ fún àwọn tó ń ra kánún, mo sọ fún àwọn tó ń kọjá, mo sọ fún ọlọ́pàá kan tí kò bi mí ní nǹkankan. Mo ní, láti ìgbà tí Ọlọ́run ti dá ajá, ohun tó wà níbẹ̀ rèé tí ẹnikẹ́ni kò rí, ọmọ ìyá mi ló sì rí i. Olórí ọdẹ gbọ́ ariwo, ó wá. Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá kòkòrò náà yóò pa ajá òun.

"Rárá, Bàbá. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ajá kò mọ̀ ọ́n lára. Ọgbẹ́ ènìyàn ni kò yẹ kí ó dé. Ṣùgbọ́n a ti mọ oògùn tó ń pa á báyìí. Bí ajá bá tún gé àgbẹ̀ jẹ, tí wọ́n bá tètè gbé e wá, wọn kò ní máa sọ pé àwọn á gé apá rẹ̀."

Olórí ọdẹ mi orí, ó ní òun á lọ bu ẹran fún ajá òun.

Àbúrò mi wá fa ìwé kan yọ, èyí tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ kí gbogbo dókítà ayé lè kà á. Gẹ̀ẹ́sì ni, pẹ̀lú èdè mìíràn tí ó ní àwọn òyìnbó gan-an kì í sọ mọ́, èyí tí wọ́n fi sọ kòkòrò náà lórúkọ; ó pè é fún mi lẹ́ẹ̀mejì, ahọ́n mi kò gbà. Mo gba ìwé náà, mo ń wò ó láti òkè wá sílẹ̀. N kò mọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ó wá fi ìka sí ibì kan lábẹ́ àkọlé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to lẹ́tà rẹ̀ pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ díẹ̀. Oníbàárà dúró, mo ní kí ó dúró dè mí. Nígbà tí mo tò ó dé òpin, orúkọ bàbá wa tí àbúrò mi ń jẹ́ ni, òun ló ṣáájú, ti ọ̀gá rẹ̀ wà lẹ́yìn. Mo tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ohùn òkè lọ́tẹ̀ yìí, kí gbogbo ìsọ̀ lè gbọ́.

Ìyá Ẹlẹ́pa ní, "Ìyẹn ni pé orúkọ bàbá yín ti bá ẹnu ajá wọ ìwé."

"Ó wọ̀ ọ́," ni mo wí. "Tìrẹ ńkọ́, kí ló fẹ́ bá wọ ibẹ̀?"

 Ìyá Ẹlẹ́pa bu ẹ̀pà, ẹ̀kúnwọ́ méjì, ó dà á sínú àwo kan, ó nà án sí àbúrò mi. "Gbà, dókítà," ni ó wí. "Jẹun. O ti rù."